Ṣé ẹni tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá lè di ará ilé ní Àgbádárìgì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí. Ẹ̀gùn ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi. Jámánì ni mo ti fẹ́ ìyàwó mi, ọmọ ibẹ̀ ni, a sì ti kó padà wá sílé pẹ̀lú ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 4. Inú agbo ilé bàbá mi, tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà, ni a ń gbé. Kò sí ẹni tí ó kórìíra ìyàwó mi níbẹ̀. Wọ́n ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀yẹ, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ bí ó bá sọ Yorùbá tí mo kọ́ ọ. Síbẹ̀, nígbà tí ẹbí ṣe ìnáwó láìpẹ́ yìí, abẹ́ àtíbàbà, láàárín àwọn àlejò pàtàkì, ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí, nígbà tí gbogbo ìyàwó ilé yòókù wà lẹ́yìnkùlé nídìí iná. Ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bí òun bá lo ogún ọdún níbí, àlejò náà ni òun yóò jẹ́. N kò wá ìtùnú wá síbí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé òyìnbó lè di ará ilé láàárín wa, tàbí a kàn ń tan ara wa jẹ?

* * *

ÈSÌ

Mo ti ka èsì àwọn tí ó ṣáájú mi. Àwọn kan ní kí ìyàwó yín túbọ̀ kọ́ èdè. Àwọn kan ní kí ó ní sùúrù, pé bí ọdún bá ti ń gorí ọdún ni gbogbo rẹ̀ yóò máa yanjú. Ẹnì kan tí ó kọ̀wé láti Ìkòròdú sì sọ ọ́ láìfi bò pé owó ni: kí ẹ náwó fún ẹbí, wọn yóò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ilé Ẹ̀gùn ni a fẹ́ mi sí ní Àgbádárìgì níbí, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ ní Kútọnù, níbi tí a ti ń pe gbogbo àwa Yorùbá ní Ànàgó. Mo mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn jẹ́ àlejò ní ilé tí a ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ìfẹ́ kò ṣọ̀wọ́n fún àlejò láàárín wa. Iṣẹ́ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó dára jù nínú ilé ni a ń gbé síwájú àlejò, àwọn àgbà sì sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ẹni tí a ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè kò tíì di ara wa. Ará ilé ni ẹni tí a lè rán níṣẹ́ láìkọ́kọ́ tọrọ gáfárà, tí a lè bu owó ìdáwó fún, tí a sì lè bá wí bí ó bá kùnà.

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ mi, ìyálé kan wà níbẹ̀ tí kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Àwo tí mo fọ̀ kò mọ́, ẹja tí mo dín ti gbẹ jù, ìkíni mi kò tó. Inú máa ń bí mi. Ní àkókò kan náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ń gbé ní Èkó, ó kàwé dáadáa, Yorùbá ni bí èmi, ó sì máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀bùn lópin ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a wí rí. Àga ni wọ́n máa ń nù fún un. Kò sì sí ìgbà tí ó mọ ẹni tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tí ó jẹ gbèsè, tàbí ìdí tí àwọn ẹ̀gbọ́n méjì kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi tutù. Kì í ṣe òyìnbó. Kò sì kọjá àlejò.

Nítorí náà, ẹ má bi ẹbí yín pé kí ni ó dé tí wọn kò gba ìyàwó yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lè bi í léèrè pé kí ni ó dé tí kò ṣe é. Bí kò bá sí rárá, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

* * *

Arábìnrin kan takò mí lórí ọ̀rọ̀ àga abẹ́ àtíbàbà yìí. Ó ní iyì ni ẹbí ń fi ṣe ìyàwó yín, àti pé bí ó bá lọ jókòó sídìí iná, àwọn ará àdúgbò yóò ní wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ wá láti ìlú òyìnbó wá fi ṣe ẹrú. Òótọ́ wà nínú ohun tí ó sọ. Bí ẹ̀yin ọkọ bá dìde lójú agbo tí ẹ ní kí ìyàwó yín lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ ti dójú ti àwọn tí wọ́n gbé àga kalẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n wà lẹ́yìnkùlé náà kò sì ní mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Ẹ yọ ara yín kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Ìyálé ni kí ìyàwó yín tọ̀ lọ, òun nìkan, láìsí yín gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Kí ó má sì dúró de ọjọ́ ìnáwó, nítorí pé ọjọ́ náà ti pẹ́ jù. Ẹni tí ó bá mọ ìnáwó wa mọ̀ pé alẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ: ìgbà náà ni a ń bó àlùbọ́sà, tí a ń ṣa ìrẹsì, tí a ń yọ ìfun ẹja, tí a ń dáná sun orí ẹran, tí àwọn obìnrin sì ń sọ ohun tí wọn kò lè sọ lójú ọkọ wọn. Kí ó mú ọ̀bẹ tirẹ̀ àti àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání, kí ó sì jókòó sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó tí wọ́n dé gbẹ̀yìn, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálé. Kí ó má retí pé wọn yóò jẹ́ kí ó ro ọbẹ̀ inú ìkòkò ńlá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi fi fọ abọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìpọnbẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kí ó sì fi fóònù sílẹ̀ nínú yàrá. Bí ó bá ti ń ya fọ́tò, oníwòran ni.

Ohun kan wà tí àwọn òyìnbó kì í tètè rí, nítorí pé ọjọ́ orí ni wọ́n máa ń wò. Nínú ilé, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni a fi ń ka ipò rẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 25 tí wọ́n gbé wọlé ṣáájú ìyàwó yín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni nínú ilé náà, bí ìyàwó yín tilẹ̀ ti pé 40. Àwọn ọmọ ilé tí wọ́n bí kí ó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, títí kan èyí tí ó ṣì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; orúkọ àpèjẹ́ ni ó yẹ kí ó sọ wọ́n, bí Eyínfúnjowó tàbí Àkọ̀wé, kí ó má máa pe orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Bí ó bá sọ ọmọkùnrin kékeré kan lórúkọ báyìí ní gbangba, gbogbo ilé yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà yóò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi Yorùbá rẹ̀ rín. Ilé Yorùbá ni mo ti kọ́kọ́ mọ àṣà yìí. Ilé Ẹ̀gùn tí mo wọ̀ kò jìnnà sí i. Kí ó bi ìyálé bí ti ilé yín ṣe rí.

* * *

Ní ti èdè, mo takò àwọn tí wọ́n ní Yorùbá tó. Lóòótọ́, gbogbo Àgbádárìgì ni ó gbọ́ Yorùbá. Òun ni a fi ń ná ọjà, òun ni a sì ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé bí àwọn àgbà inú agbo ilé yín bá ń jà, tàbí tí òkú bá sùn, Ẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ. Ìyàwó tí ó bá gbọ́ Yorùbá nìkan, ìlẹ̀kùn ìta ni ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni òwúrọ̀ àti ìbánikẹ́dùn ní Ẹ̀gùn, lẹ́nu ìyá àgbà inú ilé, kì í ṣe lẹ́nu yín.

Nígbà tí mo ń sọ Faransé ní Kútọnù, wọ́n máa ń yìn mí gan-an ní ọdún tí mo débẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìyá tí ó ni ìsọ̀ tí ó kan tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í já mi lẹ́nu bí mo bá ti ṣì í sọ, ó sì ń fi Fọ̀n, èdè wọn níbẹ̀, bú mi bí mo bá tún un ṣì. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún ìyàwó yín, àlejò ni wọ́n ń pa á fún. Ẹ máa ṣọ́ ọjọ́ tí wọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Ìkòròdú, ẹ ti tún padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó. Ẹ sọ ìtàn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì kan tí ó ń san owó gbogbo ìnáwó àdúgbò yín, tí wọ́n sì fi í joyè. Mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí ẹnì kan kú nílé rẹ̀, àwọn wo ni wọ́n sùn tì í? Ẹ kò kọ ìyẹn. Oyè lè jẹ́ ọ̀nà tí ìlú fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó, a sì mọ àwọn olóyè tí wọn kò ní ilé tí wọ́n lè wọ̀ láìkàn ìlẹ̀kùn.

Bí òyìnbó bá ń san ju ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń san lọ, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń dójú ti ìyàwó tí ó ń ta gààrí kí ó tó rí owó ìdáwó tirẹ̀ san. Ó ń kọ́ ẹbí láti máa wo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ó sì ń ra ara rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ti san owó àwọn alásè kò sí ẹni tí yóò tún ní kí ó wá bó àlùbọ́sà. Iye tí ìyàwó tí ó dé kẹ́yìn ń san ni kí ìyàwó yín san, láìlé, láìdín. Bí wọ́n bá ní ìtanràn wà fún ẹni tí ó bá pẹ́ dé ìpàdé, kí ó san ìtanràn. Kí ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ọjà kò tó nǹkan bí àwọn kan ti ń fi ṣe. Wọ́n ní ní ọjà Agbálátà, bí wọ́n bá ti rí awọ ara rẹ̀, owó ọjà yóò ga. Owó ọjà ń ga fún èmi náà bí mo bá wọ léèsì lọ. Kí ó ná an. Kí ó mú oníṣòwò kan ní oníbàárà fún ẹja, ọ̀kan fún àgbọn, ọ̀kan fún ata, kí ó máa padà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá tilẹ̀ bú u. Nígbà tí wọ́n bá ń fún un ní èènì láìbéèrè, ó ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń wò.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tí ó béèrè nípa ìkúnlẹ̀: kí ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà inú ilé bí orúnkún rẹ̀ bá gbà á, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fún àwọn mìíràn. Kí ó má kúnlẹ̀ gbalaja fún ọlọ́kadà tàbí ọmọdébìnrin tí ń ta búrẹ́dì. Ẹni tí ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, eré ni ó ń ṣe, àwọn àgbà sì mọ eré.

Fún ẹni tí ó béèrè nípa Sángbétọ̀, eégún aṣọ́de àwọn Ẹ̀gùn: bí wọ́n bá ní kí obìnrin wọlé, kí ó wọlé. Kí ó má ní òun fẹ́ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó bá wá láti Jámánì béèrè. Àwa obìnrin Ìjẹ̀bú tí a wá síbí náà kò béèrè.

* * *

Ẹnì kan mú Susanne Wenger wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Ọmọ Austria ni, ìlú Graz ni a bí i sí ní 1915, ó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí 1950, ó sì kú sí Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009. Ẹni tí ó kọ̀wé náà ní bí ìyàwó yín bá lè fẹ́ràn àṣà wa tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò gbà á.

Ibí yìí ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ wa ń ṣìnà. Kì í ṣe ìlú ni ó gba Àdùnní. Àwọn olórìṣà ni, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ajágẹmọ, àlùfáà Ọbàtálá ní Ẹdẹ, lásìkò tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ olórìṣà fúnra wọn ti ń gba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí lọ. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò gbé e, ó sì gbé e. Òun àti àwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo ni wọ́n tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí tí wọn kò fara mọ́ ọn kò ṣàìsí, ó sì bá wọn gbé ìlú kan náà. Ilé kan ni ó wọ̀, kì í ṣe ìlú.

Àgbádárìgì tiwa náà ní ìtàn irú èyí, ní ìhà kejì. Sẹ̀ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Jógà-Orílé ni wọ́n ti bí i, wọ́n tà á lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wá síbí, ó di olówò ẹrú ńlá, ó sì di Sẹ̀ríkí àwọn Mùsùlùmí kí ó tó kú ní 1919. Àgbàlá rẹ̀, níbi tí àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí wà, ni àwọn arìnrìn-àjò ń wò lónìí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ ni ìlú fi tẹrí ba fún un. Agbára àti owó lè gbé ènìyàn sórí ìlú láìgbé e sínú rẹ̀. Ìran rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó wá di ọmọ Àgbádárìgì tòótọ́.

Ẹ tún wo àwọn míṣọ́nnárì. Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ síbí ní oṣù kẹsàn-án 1842, wọ́n ṣe Kérésìmesì lábẹ́ igi Agíà lọ́dún náà, àwọn ará CMS, míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, sì parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà létí ọ̀sà ní 1845. Ìlú fún wọn láyè, ìlú gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn. Ní 1846, Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther ti kọjá sí Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Sàró ọmọ Ẹ̀gbá, àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n sì padà láti Sierra Leone, ti darí sílé bàbá wọn, tí Crowther fúnra rẹ̀ sì ti bá ìyá rẹ̀ pàdé. Níbẹ̀, ìwàásù wọn ní ẹbí tí yóò gbà á sílé. Níbí, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà.

Ẹ má wá bí gbogbo Àgbádárìgì yóò ṣe gba ìyàwó yín. Àwọn ọmọdé yóò máa pè é ní Yóvó, òyìnbó ní Ẹ̀gùn, lójú títì títí yóò fi darúgbó. Agbo ilé yín nìkan ni ẹ ní láti wò.

* * *

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin tí ó kọ̀wé láti Jámánì nípa abúlé tí òun àti ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ Yorùbá, ń gbé. Ó ní wọ́n lo ọdún púpọ̀ tí àwọn aládùúgbò ń kí wọn láti orí ọgbà, tí ìdílé kankan kò pè wọ́n wọlé. Ọkọ rẹ̀ wá darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ panápaná abúlé náà. Fún ẹni tí kò mọ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ní Jámánì, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń pa iná, láìgba owó oṣù. Wọ́n ń pè é lóru, ó ń dìde, ó ń fọ ọkọ̀ panápaná lọ́jọ́ Sátidé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, ó sì ní ọjọ́ tí òun mọ̀ pé ó ti yí padà ni ọjọ́ tí aládùúgbò kan wá bá wọn jà nítorí pé wọ́n gé koríko lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ tí ariwo irú bẹ́ẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Aládùúgbò náà ti ń gbọ́ ariwo wọn tipẹ́ kò sì sọ nǹkan kan.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ilé ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sọ èèwọ̀ ilé rẹ̀ fún mi, kò tíì kà mí sí nǹkan kan. Kí ẹ ka èsì arábìnrin yìí fún ìyàwó yín. Ìlú rẹ̀ ni ó ń sọ, yóò sì tètè yé e.

* * *

Èsì tí ó nira jù fún mi ni ti arábìnrin láti Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ghana ni bàbá rẹ̀, apẹja ni, ó mọ àwọ̀n dí, àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá a wí, wọ́n ń bá a jẹun, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè wọ̀nyẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 láti jáde. Ó ní àwọn ará ilé bá bàbá òun di ẹrù, wọ́n sunkún, ó sì lọ. Ó bi mí pé kí ni àǹfààní kí ilé gbani bí ìjọba bá lè fi ìwé kan tú u.

Mo wà níbí lọ́dún náà. Ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ibodè wa pẹ̀lú Benin, kún fún ènìyàn àti àpò, nítorí pé Ghana ti ti ẹnu ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Togo, ọ̀pọ̀ sì há sójú ọ̀nà. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà ti wà láti 1979. Kò dá ìjọba dúró. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, ti lé àwọn Yorùbá kúrò ní Ghana lọ́nà kan náà, nínú wọn ni àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ tí wọn kò mọ Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Nítorí náà n kò ní sọ fún arábìnrin yìí pé ilé ń gbani lọ́wọ́ ìjọba. Ilé kì í gba ni lọ́wọ́ ìjọba. Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n ń fi ìwé ṣe yẹ̀yẹ́ níbí pé ìwé kì í sọni di ọmọ. Kí ìyàwó yín ní ilé, kí ó sì ní ìwé. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì.

Abala 26 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún obìnrin tí ó bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láyè láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọkùnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọbìnrin wa kò ní irú àyè yìí, mo sì ka ìyẹn sí ìrẹ́jẹ. Abala 27 ni ó gbọ́dọ̀ gbà, tí ó ń béèrè ọdún 15 ní ìlú, tí ó sì ń béèrè pé kí ó jẹ́ ẹni ìtẹ́wọ́gbà lójú àwọn ará àdúgbò tí yóò máa gbé, kí ó sì ti mọ́ra pẹ̀lú ìgbé-ayé wọn. Gómìnà ni òfin ní kí ó sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. N kò mọ bí gómìnà ṣe fẹ́ mọ ẹni tí ń bó àlùbọ́sà lẹ́yìnkùlé yín, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé àwọn tí wọ́n kọ òfin náà mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò nípa ti Jámánì pẹ̀lú. Láti oṣù kẹfà 2024, òfin wọn ti gba ọmọ wọn láyè láti ní ìwé orílẹ̀-èdè mìíràn láìpàdánù tiwọn, nítorí náà ẹ̀rù tí ó ń ba ọ̀pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dínkù. Ẹgbẹ́ Nigerwives, tí àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n fẹ́ ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1979, mọ ọ̀nà ìwé wọ̀nyí ju mi lọ. Kí ó lọ bá wọn, kí ó sì bá wọn ráhùn nípa wa bí ó bá ṣe wù ú. Kí ó kàn má fi ibẹ̀ ṣe ilé.

* * *

Ẹ ti padà wá, mo sì rí ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ìsìnkú ìyá àgbà kan nínú ẹbí ń bọ̀, ìyàwó yín sì ti lọ bá ìyálé. Ẹ ní ìyálé sọ iye owó ìdáwó àti irú àǹkárá tí àwọn ìyàwó ilé mú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ní kí ó má san nǹkan kan, pé àlejò ni. Ẹ̀yin sì fẹ́ san ìlọ́po méjì láti fi dúpẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn.

Ẹ má san ìlọ́po méjì. Ẹ sì má gba ìdáríjì ẹ̀gbọ́n yín; ẹ rọra sọ fún un pé ìyálé ti bu owó, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin. Ìyàwó yín fúnra rẹ̀ ni kí ó gbé owó náà lọ, níṣojú àwọn ìyàwó yòókù, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé bí ti gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yín sùn sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé lálẹ́ àìsùn. Bí ẹ bá ń mú un wọlé ní aago mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ yóò ní láti bá a wọlé, iṣẹ́ yóò sì kọjá rẹ̀. Bí ìyálé bá jágbe mọ́ ìyàwó yín, kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ti àǹkárá, kí ó má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aránṣọ ńlá ní Èkó. Ọ̀dọ̀ aránṣọ tí àwọn ìyàwó yòókù ń lò ni kí ó gbé e lọ, kí ó sì gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé bí ìnáwó bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí aránṣọ kan ní Àgbádárìgì tí yóò mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ, ìbáà jẹ́ fún òyìnbó tàbí fún èmi.